Kí A Tó Rẹ́ Ògiri

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ṣé àyà yín ti fúyẹ́ díẹ̀? Ṣé Màámi ṣì ń fi àpótí irinṣẹ́ yín pamọ́ kí ẹ má bàa lọ síbi iṣẹ́? Èmi wà dáadáa, ìbéèrè yín nìkan ni ò jẹ́ kí n gbádùn.

Ẹ ní, "Bí wọ́n bá dá ọkàn mi dúró, ta ni yóò máa ṣọ́ ọ?" Ẹ ní àfi tí ẹ bá gbọ́ ìdáhùn kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ abẹ. Èmi tí ẹ sọ ní Oníbèéèrè láti kékeré, ẹ ti gbaṣẹ́ mi ṣe!

Lánàá, a ṣiṣẹ́ abẹ fún awakọ̀ kan tí iṣan ọkàn rẹ̀ dí bíi tiyín. Èmi ni mo jókòó ti ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró fún un. Omi oògùn tútù la fi dá ọkàn náà dúró, torí ọkàn tó tutù tó sì ń sinmi kì í tètè bàjẹ́. Bí ogún ìṣẹ́jú bá ti pé, màá ké sí àwọn dókítà, a ó sì tún fún un sí i.

Dókítà àgbà mú iṣan láti ẹsẹ̀ awakọ̀ náà, ó rán an mọ́ ọkàn kí ẹ̀jẹ̀ lè yà fún ibi tó dí. Ọkàn jí, ó ń lù. Mo rò pé ó parí. Kí dókítà tó rán àyà rẹ̀ pa, ó tún fi ìkọ́ kékeré kan há iṣan tuntun náà láti wọn ẹ̀jẹ̀ tó ń gbà á kọjá. Mìlílítà mẹ́jọ péré ní ìṣẹ́jú kan, nígbà tí à ń retí ogójì! Àyà mi já. Ó yẹ̀ ẹ́ wò yípo: iṣan ti lọ́ lábẹ́, níbi tí ojú ò tó. A tún mú ọkàn sùn, ó tún iṣan rán, ó sì wọ̀n ọ́n: méjìlélógójì.

Bàbá, ẹ̀yin ni mo rí. Ẹ rántí ilé olùkọ́ yẹn tí mo ti bá yín ri páìpù omi mọ́ ògiri, tí bíríkìlà ń pariwo mọ́ yín, tí ẹ ní, "Kò sẹ́ni tó máa rẹ́ ògiri yìí tí mi ò bá tíì rómi lẹ́nu ẹ̀rọ"? Ebi ń pa mí lọ́jọ́ náà, inú sì bí mi sí yín.

Kì í ṣe èmi ni yóò ṣọ́ ọkàn yín. Wọn kì í jẹ́ kí ọmọ jókòó ti ẹ̀rọ fún bàbá rẹ̀. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ni. Ẹ̀rù ń ba èmi náà, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọwọ́ sí i.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa, ẹ ó jẹ èrè wa pẹ́.

Èmi ọmọ yín,
Oníbèéèrè

Àfikún: Mo sọ fún dókítà pé púlọ́ńbà ni yín. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun á kọ iye ẹ̀jẹ̀ tó bá gba iṣan tuntun yín kọjá síwèé, òun á fi sábẹ́ ìrọ̀rí yín. Mo mọ̀ yín, bí ẹ bá jí, kí ẹ tó bèèrè omi, ẹ ó bi mí pé, "Mélòó ni?" Èmi ni màá kà á fún yín.