Oore-Ọ̀fẹ́ Láti Ọwọ́ Ẹ̀gbọ́n Mi

Ìpótì-Èkìtì,
Ìpínlẹ̀ Oǹdó.
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kẹjọ, ọdún 1985.

Ìbíyẹmí, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ kú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, mo sì kí ọkọ rẹ. Mo gbàgbọ́ pé ara yín le ní Kàdúná lọ́hùn-ún. Èmi náà wà láàyè, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ìyá rẹ ti ṣaláìsí, ilé yìí ti wá tóbi jù fún ẹnì kan.

Bàbá Ògúntóyè, ẹ̀gbọ́n mi, ti kú. Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá la sin ín. Yóò yà ọ́ lẹ́nu pé èmi ni mo ń kọ èyí sí ọ, nítorí èmi náà ni mo kọ́ ọ pé kí o máa kọjá níwájú ilé rẹ̀ láìkí i.

N kò sọ ìdí rẹ̀ fún ọ rí. Nígbà tí bàbá wa kú ní 1963, ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ kí a sin ín bí wọ́n ṣe ń sin olùsìn Ògún, nítorí Ògún ni bàbá sìn títí ó fi kú. Èmi tíṣà kò gbà. Mo gbé òkú lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Lẹ́yìn náà, mo kó àwọn irin Ògún bàbá, mo dà wọ́n sódò. Ẹ̀gbọ́n mi dúró létí odò, ó ń wò mí. Ọdún méjìlélógún la fi yan ara wa lódì.

Ní oṣù kejì ọdún yìí, mo ṣubú nínú oko kòkó, eegun ẹsẹ̀ mi sì ṣẹ́. Mo pariwo títí oòrùn fi yẹ àtàrí. Ẹni tó gbọ́ ni ẹ̀gbọ́n mi. Arúgbó yẹn pọ̀n mí dé ojú ọ̀nà, ó sinmi lẹ́ẹ̀mẹfà. Ó lọ pe ẹni tó ń to eegun ní Ìkòrò, ó sì ń gbé oúnjẹ wá fún mi lójoojúmọ́ fún oṣù mẹ́ta. Bí mo bá fẹ́ bu òkèlè, á ní, “Gbàdúrà tìrẹ ná, kí ọbẹ̀ tó tutù.” Á ṣí fìlà rẹ̀ títí màá fi parí.

Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi kọ́ àwọn ará ìjọ ní ìtumọ̀ oore-ọ̀fẹ́. Mo ní oore tí ènìyàn kò ṣiṣẹ́ fún ni. Ní iléèwé, bí wọ́n bá fi ọjọ́ kún ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀ ìdánwò fún àwọn tó pẹ́, oore-ọ̀fẹ́ náà ni mo ń pè é. Nígbà tí ìyá rẹ bí ọ tán tó sì yè, oore-ọ̀fẹ́ náà, Grace, ni mo ní kí wọ́n fi sàmì fún ọ. Mo rò pé mo mọ ọ̀rọ̀ náà tinú tẹ̀yìn. Àmọ́ bó ṣe ń gbé ọbẹ̀ ilá wọlé lójoojúmọ́ tí kò mẹ́nu ba odò yẹn, ojú a máa tì mí.

Ní oṣù tó kọjá, tí mo ti ń fi ọ̀pá rìn, mo lọ bá a, mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ foríjì mí nítorí irin bàbá.”

Ó ní, “Dìde, ẹsẹ̀ rẹ kò tíì san tó bẹ́ẹ̀. Ulé bàbá wa náà nìyí.” Ó bu ẹmu fún ara rẹ̀, ó sì fún mi lómi.

Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà tó sùn tí kò jí. Samson, ọmọ rẹ̀, wá bá mi pé èmi ni àgbà ilé báyìí, kí ni kí àwọn ṣe. Ṣọ́ọ̀ṣì náà ránṣẹ́ pé n kò gbọdọ̀ yọjú síbi ìsìnkú rẹ̀. Mo ní kí wọ́n sin ín bó ṣe fẹ́. N kò bọ Ògún o, mo kàn jókòó ti ẹ̀gbọ́n mi títí wọ́n fi parí.

Ní ọjọ́ Àìkú, wọ́n gba kíláàsì Bíbélì tí mo ń kọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ mi. Kò sẹ́ni tó jókòó sí bẹ́ǹṣì tí mo wà. N kò bínú sí wọn. Èmi ni mo kọ́ wọn.

Kí Ọlọ́run fi ìtura sí ọ lọ́wọ́ fún àwọn aláìsàn rẹ. Kí ó má jẹ́ kí o pẹ́ bíi tèmi kí o tó mọ ẹni tó fẹ́ràn rẹ.

Èmi ni bàbá rẹ tó ń retí rẹ,
Ọládipúpọ̀.

Àfikún: Má wulẹ̀ kọ ọjọ́ tí o máa wá ránṣẹ́. Kò sí ọjọ́ tí o dé tí o kò ní bá mi nílé.