Mo Fi Géèmù Tuntun Pamọ́ Sábẹ́ Iṣu, Wọ́n sì Ń Pe Ọlọ́kadà Lólè

Ẹ̀yin tí ẹ ń bójú tó ojú ewé yìí, ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́. Irọ́ ni mo pa. Àgbàlagbà bíi tèmi, ẹni tí gbogbo ìjọ ń pè ní Bàbá, ẹni tó lọ sí yunifásítì nígbà tí wọ́n ṣì ń fi ayẹyẹ sin ọmọ lọ sílé ìwé, mo parọ́ nítorí síídì géèmù... Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Irọ́ náà ti ba orúkọ ọmọ ọlọ́mọ jẹ́. Sátidé tó ń bọ̀ yìí la ó jẹ iṣu tuntun nínú agbo ilé wa, èmi sì ni olórí ilé, mi ò mọ ojú tí mo fẹ́ fi wo àwọn èèyàn.

Agbègbè Ọ̀yẹ́, lókè Èkìtì níbí, ni mò ń gbé. Mi ò ní dárúkọ ìlú, orúkọ tí mo sì máa lò fún àwọn èèyàn kì í ṣe orúkọ wọn gan-an. Ìyàwó mi, Ìyá Fọlá, ọmọ ìlú Orin ni, ó ti di olóògbé. Orúnkún ló kọ́kọ́ dá a dúró sílé, kò lè lọ sóko mọ́, kò lè lọ bá àwọn akọrin kọrin mọ́, ó kàn ń jókòó ṣáá. Ọmọ-ọmọ wa obìnrin, Fèyí, tó ń gbé lọ́dọ̀ wa nítorí pé Ọ̀yẹ́ ló ti ń kàwé, ló gbé ẹ̀rọ géèmù rẹ̀ wá síwájú ìyá àgbà lọ́jọ́ kan, ó fi páàdì tí wọ́n fi ń darí rẹ̀ lé e lọ́wọ́, ó ní kí wọ́n jọ gbá bọ́ọ̀lù. Mo rò pé eré ọjọ́ kan ni. Àfi bí obìnrin yìí ṣe di ọ̀gá... á máa pariwo mọ́ rẹfirí, á ní kí n wá gbé ọbẹ̀ kalẹ̀ lórí iná torí pé òun wà nínú àfikún àkókò. Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní ìwọ ìyá arúgbó, ẹsẹ̀ tí kò lè gbé ọ dé ẹnu ọ̀nà lo fi ń gbá bọ́ọ̀lù. Ó ní Bàbá Fọlá, ìka ni mo fi ń gbá a, ìka ò dùn mí.

Nínú géèmù yẹn, èèyàn lè dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ kó sì sọ àwọn agbábọ́ọ̀lù lórúkọ tó bá wù ú. Ìyàwó mi dá Orin Yunáítẹ́ẹ̀dì sílẹ̀. Ó fi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ṣe gólì, ó ní ọwọ́ ẹ̀gbọ́n òun kì í já ohunkóhun sílẹ̀, pàápàá tí ẹnì kan bá ń tọrọ. Àwọn obìnrin akọrin ìjọ ló kó sẹ́yìn. Ó fi ara rẹ̀ sáàárín. Ràṣídì, ọmọ ọlọ́kadà tó máa ń gbé e lọ sílé ìwòsàn, tó máa ń rọra wakọ̀ nítorí orúnkún rẹ̀, òun ló fi síwájú lápá ọ̀tún, ó ní ibẹ̀ ni kó ti máa sá eré tí òun ò jẹ́ kó sá lójú títì. Èmi ńkọ́? Orí bẹ́ńṣì. Ó ní ẹni tó bá ní òun ò gbá, kó lọ jókòó.

Ohun tí kò yé òun àtèmi rárá ni bí géèmù yìí ṣe ń yára bímọ. Kó tó mọ bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù wọlé dáadáa, òmíràn ti dé. Kó tó wo ìyẹn lójú, wọ́n ti ń polówó èyí tó tẹ̀ lé e. Ó máa ń fi èdè Èkìtì wa bi Fèyí pé ṣé àwọn tó ń ṣe é kò ní ulé tí wọ́n máa lọ sùn ni? Fèyí á rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn agbábọ́ọ̀lù ń pààrọ̀ ẹgbẹ́ lọ́dọọdún, aṣọ wọn ń yí padà, ẹni tó bá sì ń gbá ti èṣí, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á ti ṣí lọ sórí tuntun, kò ní rí ẹni bá gbá a lórí íńtánẹ́ẹ̀tì mọ́. Ó ní wọn kì í ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe é láti ìpìlẹ̀ pàápàá, ara ti àtijọ́ ni wọ́n ti ń gé ti tuntun, wọ́n á tún un kùn, wọ́n á tún ojú rẹ̀ ṣe. Àti pé àwọn òṣìṣẹ́ tó pọ̀ ló ń jẹun nídìí rẹ̀, tí ọdún kan bá kọjá tí wọn ò tà, ilé iṣẹ́ á mì. Mo ní ó yé mi, àṣé ẹbu iṣu ni wọ́n ń gé. Bí a ṣe ń gé ti èṣí gbìn kó lè di tọdún yìí náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n ta ló ń da iṣu èṣí nù lọ́jọ́ tí tuntun bá jáde? Omi ló wà nínú iṣu tuntun, gbogbo Èkìtì ló mọ̀ pé ti èṣí ló ṣeé gún. Ìyàwó mi fara mọ́ mi lórí ìyẹn, kò ju páàdì náà sílẹ̀ fún géèmù tuntun kankan títí tó fi lọ.

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ ní sùúrù fún mi... arúgbó ni mí. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, ìwé kan náà ni a máa ń gbà lọ́wọ́ àwọn tó ṣíwájú wa, orúkọ gbogbo àwọn tó ti lò ó á wà ní ojú ewé àkọ́kọ́, a ó kọ tiwa sábẹ́ wọn. Rẹ́kọ́ọ̀dù kan la fi jó láti ìgbà tí a wọlé títí a fi ṣetán, ó há níbì kan, ibi tó ti há yẹn gan-an la máa ń fò sókè sí. Tí wọ́n bá ní òmíràn ń bọ̀, a ó dúró dè é títí, ìdúró yẹn sì dùn. Ṣé ayé ló ń sáré ni, àbí èmi ló ti rẹ̀? Ta ló ń lé wọn gan-an?

Lẹ́yìn tí ìyàwó mi kú, Fèyí kò fọwọ́ kan géèmù náà mọ́, fóònù rẹ̀ ló kù tó ń tẹ̀. Ó rò pé ẹ̀rọ náà kàn wà níbẹ̀ ni. Kò mọ̀ pé èmi... tí ó bá ti lọ sí kíláàsì lọ́sàn-án, èmi ni mò ń tàn án. Ojú ń tì mí láti kọ ọ́. Èmi tí mo fi obìnrin yìí ṣe yẹ̀yẹ́, èmi ni mò ń wá awò ojú mi kiri kí n lè rí bọ́tìnnì. Wọ́n ń nà mí nínú géèmù náà bí ẹni na bàrà. Ṣùgbọ́n tí bọ́ọ̀lù bá dé àárín, orúkọ rẹ̀ á yọ sókè orí agbábọ́ọ̀lù náà, Ìyá Fọlá, á gbà á, á fún Ràṣídì lápá ọ̀tún... Mi ò tíì mú ara mi kúrò lórí bẹ́ńṣì. Ibi tó fi mí sí ni mo wà.

Ìgbà tó yá ni ọmọ wa Fọlá, bàbá Fèyí, pè láti Èkó pé òun ti ra géèmù tọdún yìí, òun ti fi rán awakọ̀ kan. Inú Fèyí dùn gan-an, ó ní ó ti pẹ́ tí ilé ti dákẹ́, ó ní òun á kọ́ mi. Ó wá sọ ọ̀rọ̀ kan láìbìkítà. Ó ní inú ẹ̀rọ ti kún, òun máa pa ti àtijọ́ rẹ́ kí tuntun lè ráyè wọlé. Kí ni mo fẹ́ wí? Kí n ní má pa ìyá àgbà rẹ rẹ́? Á bi mí pé báwo ni mo ṣe mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ràṣídì ló bá wa gba páálí géèmù náà ní gáréèjì Ọ̀yẹ́. Èmi nìkan ló bá nílé. Ó fi lé mi lọ́wọ́, mo dúpẹ́, mo ní kó mu omi, ó mu ún, ó lọ. Lẹ́yìn náà mo wọ inú àká lẹ́yìn ilé, mo gbé e sábẹ́ iṣu èṣí tó kù. Mo fẹ́ fi ra àkókò díẹ̀ ni, bí Ọlọ́run ṣe gbọ́ mi. Ṣùgbọ́n Fèyí dé, ó ní páálí ńkọ́, ẹnu mi ní mi ò rí i.

Ó pe Ràṣídì. Ọmọ náà dé kíákíá, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní Bàbá, ẹ rántí dáadáa, ọwọ́ yín ni mo fi lé, ẹ tún fún mi lómi mu. Fèyí ní ṣé Bàbá wá jẹ síídì ni, àbí wọ́n fẹ́ máa fi gbá bọ́ọ̀lù? Gbogbo àwọn ará agbo ilé tó dúró rẹ́rìn-ín. Ta ló fẹ́ rò ó pé arúgbó jí géèmù? Èyí tí mo wá ṣe burú ju irọ́ àkọ́kọ́ lọ. Mi ò sọ pé kò fún mi. Mo ní mi ò rántí. Mo fi ọjọ́ orí bojú. Wọ́n bá gbà pé Ràṣídì mọ̀ pé Bàbá ti ń gbàgbé, ló ṣe gbé páálí náà lọ. Ó wò mí lójú... kò bú mi. Ó kàn ní ó dáa, Bàbá, Ọlọ́run á rántí fún wa.

Wọ́n ti ní kó ṣì yẹra ní ibùdó ọ̀kadà. Kò sẹ́ni tó ń fi ẹrù rán an mọ́. Bàbá rẹ̀, àgbẹ̀ tí a jọ dàgbà, jáde ní mọ́sálásí lọ́jọ́ Jímọ̀ ó sì yà sílé mi tààrà, ó bẹ̀ mí pé tó bá jẹ́ pé ọmọ òun ló mú un, kí n má ṣe ṣépè, òun á wá nǹkan fi dí i. Ó pè mí ní ọ̀rẹ́ òun. Fọlá náà ń pè láti Èkó pé kí n palẹ̀ mọ́ wá sọ́dọ̀ òun, ó ní ẹni tó ti ń gbàgbé báyìí, kò yẹ kó jẹ́ ọmọ iléèwé nìkan ni yóò máa tọ́jú rẹ̀. Ẹ wo ibi tí géèmù gbé mi dé.

Sátidé wá ni gbogbo ẹ̀ ń bọ̀ wá pàdé. Nínú agbo ilé wa, kí iṣu tuntun tó wọlé, wọ́n gbọ́dọ̀ kó ìyókù ti èṣí jáde nínú àká, àwọn ọmọbìnrin ilé á sì gbá ibẹ̀ mọ́. Fèyí ló máa ṣáájú wọn lọ́dún yìí. Wọ́n á rí i. Lẹ́yìn náà ni èmi olórí ilé á di ọ̀bẹ mú lórí iṣu, n ó bi gbogbo ilé pé ta ló ṣẹ ẹnì kejì rẹ̀, ta ló di ẹnì kejì rẹ̀ sínú, kó sọ ọ́ kí ọ̀bẹ tó wọlé. A kì í gé iṣu lórí ìjà. Bàbá mi bi wọ́n bẹ́ẹ̀, bàbá tirẹ̀ náà bi wọ́n bẹ́ẹ̀. Ràṣídì ló sì máa ń gbé iṣu náà wá láti oko lórí ọ̀kadà rẹ̀ lọ́dọọdún, á bá wa jẹun. Fèyí ti ní kò gbọ́dọ̀ wá.

Mo ti rò ó síwá sẹ́yìn. Mo lè lọ gbé páálí náà kúrò níbẹ̀. Ìyẹn olè kejì. Mo sì lè dákẹ́ kí wọ́n rí i. Ṣé ẹ rí ìyẹn, òun ló ń tàn mí jù... Wọ́n á ní áà, Bàbá ló gbé e síbẹ̀ tó gbàgbé, wọ́n á rẹ́rìn-ín, orúkọ Ràṣídì á mọ́, kò sẹ́ni tó máa bi mí ní ìbéèrè kankan. Gbogbo rẹ̀ á parí láìjẹ́ pé mo la ẹnu. Ṣùgbọ́n orí irọ́ ni mo ti máa gé iṣu, Èkó ni wọ́n sì máa gbé mi lọ lẹ́yìn rẹ̀. Tí mo bá sì jẹ́wọ́, mo gbọ́dọ̀ sọ ìdí rẹ̀, níwájú àwọn ọmọdé, níwájú àwọn àna, pé ọ̀sọ̀ọ̀sán ni bàbá wọn ń jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n kó lè rí orúkọ ìyá wọn.

Lánàá mo tàn án. Mi ò mọ ohun tí mo tẹ̀, ìyàwó mi gbà á láàárín, ó gbé e fún Ràṣídì, Ràṣídì sáré lọ, ó gbá a wọlé. Gbogbo pápá hó yèè. Orúkọ rẹ̀ dúró gàdàgbà lójú tẹlifíṣọ̀n, lábẹ́ rẹ̀ ni orúkọ ẹni tó fún un ní bọ́ọ̀lù. Mo pa á. Mi ò tíì lè tàn án padà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ mọ ẹ̀rọ yìí, ṣé kò sí bí wọ́n ṣe lè gbé ẹgbẹ́ rẹ̀ kúrò nínú ti àtijọ́ kí tuntun tó wọlé? Ṣé ó ṣeé ṣe látìbẹ̀rẹ̀ ni, tó jẹ́ pé ìbéèrè kan péré ni ì bá gbà mí? Ẹ̀yin àgbà, ẹ dá mi lóhùn kó tó di Sátidé: ṣé kí n lọ bá Ràṣídì nílé baba rẹ̀ kí n kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́, àbí kí n dúró kí n fi ọ̀bẹ sílẹ̀ níwájú gbogbo ilé? Tí mo bá bi wọ́n pé ta ló ṣẹ ẹnì kejì rẹ̀, tí gbogbo wọn dákẹ́ tí wọ́n ń wò mí, ta ni kó dáhùn?