Mo Kúnlẹ̀, N Kò Lè Dìde

                                        Ojúlé Kọkànlá,
                                        Òpópónà Olúgbádé,
                                        Agbowó, Ìbàdàn.
                                        Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kẹwàá, 1986.

Kùdírátù, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni o? Baálé ilé ńkọ́? Àwọn ìbejì ńkọ́? Ṣé ikọ́ Táyé ti lọ? O kú iṣẹ́ ọmọ, o kú òjò Ìlọrin. Ara tèmi náà ti ń bọ̀ sípò, mo dúpẹ́.

O ní o gbọ́ pé wọ́n ti fi nǹkan ṣe mí. Ta ló sọ fún ọ? Irọ́ gbuu ni! Jẹ́ n sọ bó ṣe jẹ́.

O mọ̀ pé láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ ni mo máa ń dirun fáwọn akẹ́kọ̀ọ́ níwájú ilé. Láti ọdún tó kọjá, tó bá ti di ọ̀sán, apá mi kì í fẹ́ gbéra mọ́. Ìpéǹpéjú mi á wálẹ̀ bíi tẹni tó ń tòògbé. Tílẹ̀ bá mọ́, ara á tún yá gágá. Ìyá ọkọ mi tó ń gbé lọ́dọ̀ wa wá ní tìkà-tẹ̀gbin ni mo fi ń wo àwọn, pé ara mi ń yá sí owó láàárọ̀, tó bá kan iṣẹ́ ilé nírọ̀lẹ́, mo di ọ̀lẹ. Wọ́n ti ń sọ fún Olúdọ̀tun, ọkọ mi, pé kó dá mi padà sílé bàbá mi. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Ìyá ti ọjà Bódìjà dé, mo kúnlẹ̀ kí wọn. Àfi bí mo ṣe fẹ́ dìde tí orúnkún kọ̀ jálẹ̀! Ìyá rò pé ẹ̀bẹ̀ ni mo ń bẹ̀. Ni wọ́n bá gbọ́wọ́ lé mi lórí: àwọn ti dárí jì mí, n ó bímọ, n ó dàgbà. Mo ń ṣe àmín, mo ń sunkún, ẹ̀rín tún ń pa mí. Ìgbà tí mo ṣubú lé wọn lẹ́sẹ̀ ni wọ́n tó figbe ta. Olúdọ̀tun gbé mi lọ sílé ìwòsàn, Ìyá tẹ̀ lé wa.

Orúkọ tí dókítà pe àìsàn náà gùn ju ọjọ́ ààwẹ̀ lọ! Ó ní àwọn ọmọ ogun tó ń lé àrùn jáde nínú ara ló ṣìnà, tí wọ́n wá ń ba ibi tí ẹran ara ti ń gbàṣẹ lọ́wọ́ ọpọlọ jẹ́. Ọpọlọ á ní kí apá gbéra, apá ò ní gbọ́, pàápàá tó bá ti ṣiṣẹ́ pẹ́. Bí mo bá sinmi, á tún gbọ́. Kì í ràn, kì í sì ṣe ìwà ọ̀lẹ. Ó lè má lọ pátápátá, ṣùgbọ́n oògùn wà tí n ó máa lò, èèyàn sì lè bá a dàgbà. Ìyá mirí, wọ́n ní, “Àṣé kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.” N ò mọ̀ bóyá wọ́n gbà á gbọ́, ọkàn mi ò sì balẹ̀ rárá.

Àárọ̀ nìkan ni mo ń dirun báyìí. Lọ́sàn-án, mo ń sùn bí ìyàwó olówó! Oògùn náà sì ń bá mi lára mu.

Nírọ̀lẹ́ Sọ́ńdè tó kọjá, ẹ̀gbọ́n Ìyá tó ń gbé ní Ìwó Road bẹ̀ wá wò. Màmá yìí kì í fi ìkíni ṣeré o. Mo di àga mú, mo fẹ́ máa lọ sílẹ̀, ni Ìyá bá na ọwọ́ dí mi lọ́nà. Àwọn fúnra wọn ló kúnlẹ̀ níwájú ẹ̀gbọ́n wọn, wọ́n ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú, ara ọmọ mi ò gbà á. Mo ti kúnlẹ̀ lórúkọ àwa méjèèjì.”

Kùdí, ọmọ mi ni wọ́n pè mí. Mo bú sẹ́kún níbẹ̀, ayọ̀ ni.

Bá mi kí baálé rẹ, kí o sì bá mi gbé àwọn ìbejì jó.

Èmi ni tìrẹ, lójò, lẹ́ẹ̀rùn,

Ọláídé.