Ẹni Méje Lórí Màlúù Kan

Ìsẹ́yìn,
Oṣù Kẹfà, 1989.

Ọmọ mi Ràsáàkì,

Àsàláámù àlékùn. Ara rẹ ńkọ́? Ìbàdàn ńkọ́? Ọlọ́run tí ó ń rọ òjò sórí àgbàdo tí kò gbàgbé koríko kò ní gbàgbé ìwọ náà. Àlàáfíà ni a wà. Òjò ń ṣẹ́ wínníwínní láti àárọ̀, kùrukùru bo orí òkè, ewé tábà rọ̀ bí etí ewúrẹ́. Àsíátù àbúrò rẹ ni mo ń sọ ọ́ fún tí ó ń kọ ọ́. Láti àná ni ó ti fajú ro, n kò sì mọ ohun tí mo fi ṣe é.

(Bùọ̀dá mi, èmi Àsíátù nìyí. Ẹ ó rí ohun tí Bàbá ṣe níwájú. Ẹ máa kà á lọ.)

A ti ka lẹ́tà rẹ. O ní irin lásán ni kọ̀ǹpútà tí ó wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ bí a kò bá fi ohun tí yóò jí i dìde sí i nínú. O ní ènìyàn kì í ra ohun náà kó di tirẹ̀ pátápátá, láísẹ́ńsì rẹ̀ ni wọ́n ń tà, bí irú èyí tí ọdẹ ń gbà sórí ìbọn. Ọmọ mi, èyí yé mi. Ṣebí bí àwa náà ṣe wà nìyẹn, ara ni tiwa, Ẹlòmíràn ni ó ni ẹ̀mí. Lọ́sàn-án àná mo lálàá ṣọ́ọ̀bù rẹ. Àwọn ẹ̀rọ náà dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ bí màlúù tí ń jẹ àpọ̀jẹ, ojú wọn ń tàn. Mo fẹ́ kí wọn ni ìyá rẹ bá jí mi pé òjò dé, kí n wá kó tábà.

Èyí tí ó wá dùn mọ́ mi jù ni pé o ra láísẹ́ńsì náà lápapọ̀ kí ó lè dínwó, o ra ti ẹ̀rọ méje, mẹ́fà ni o sì ní. Mo rẹ́rìn-ín. Màlúù Iléyá mà nìyẹn! Àgbò, ẹnì kan; màlúù, ẹni méje. Ìpín kan ṣẹ́kù, a kì í sì í jẹ́ kí ìpín màlúù ṣòfò nílé wa, nítorí náà mo ti fún Ládòkun tí a jọ ń dá owó màlúù. Àmúdà ọmọ rẹ̀ ra irú ẹ̀rọ yẹn sí Ṣakí.

(Bùọ̀dá mi, mo sọ fún wọn pé ẹ kọ ọ́ pé kò gbọdọ̀ jáde kúrò ní ṣọ́ọ̀bù yín. Wọ́n ní ahun ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní màlúù tí a pa ní Ìsẹ́yìn, ṣé ẹran rẹ̀ kì í dé Òkèhò ni? Ẹ̀yin lẹ kúkú kọ ọ́ pé ẹ máa ra ẹ̀rọ keje lẹ́yìn Iléyá, ẹ sì ń wá ẹni tí yóò jókòó tì í. Láti ìgbà tí mo ti fi ilé-ìwé sílẹ̀ ní kíláàsì kẹta, bí mo bá ń so ewé tábà báyìí, ìka mi á máa tẹ bọ́tìnnì ẹ̀rọ tí kò sí níbẹ̀. Mo ti gbé bíírò sílẹ̀. N kò ní kọ orúkọ Àmúdà mọ́.)

Ràsáàkì, ó gbé bíírò sílẹ̀ lóòótọ́, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ tún gbé e ni. Mo bi í léèrè títí kí ó tó fi ẹkún sọ pé ìpín òun ni mo fi tọrẹ. N kò mọ̀ pé ọmọ yìí ń retí nǹkan kan. Mo jókòó, mo ń wo òjò. Ó wá sọ sí mi lọ́kàn pé kí ọ̀bẹ tó kan ọrùn màlúù ni Ààfáà ń pe orúkọ ẹni méje, ọmọ ilé ni a sì ń pè ṣáájú ọ̀rẹ́. Ta ni ó ti pe Àmúdà? Bí ẹ̀rọ keje bá jí lójú oorun, dúró níwájú rẹ̀, kí o pe Àsíátù sí i létí kí ó gbọ́ dáadáa.

Fi owó ọkọ̀ rẹ̀ ránṣẹ́. Fi ti àgbò kan lé e fún Ládòkun dípò ìpín tí mo gbà padà, àgbò tí ó ní ìwo o, torí ẹnu rẹ̀ mú, kò sì ní jẹ́ kí n rímú mí ní mọ́sáláṣí.

Bí o kò bá rí lẹ́tà mi mọ́, má ro ibi. Ọwọ́ tí mo fi ń kọ ọ́ ni mo fi ránṣẹ́ sí ọ. Ọlọ́run yóò fi àlùbáríkà sí ibi tí ẹ bá jókòó sí.

Èmi ni,
Bàbá yín.