Ọwọ́ Bàbá Mi Nínú Kọ̀ǹpútà

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Màmá ti padà sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì ti ń jẹun dáadáa. Èmi náà ń jẹun, mò ń sùn, mò ń ṣí ṣọ́ọ̀bù lójoojúmọ́. Mi ò tíì sunkún. Mo rò pé ó yẹ kí n sọ fún yín.

Lẹ́yìn ìsìnkú yín, mo rìn káàkiri Òkè-Ìlá àti Fájuyì, mo dé Ìgèdè pàápàá, mo ń fi fóònù ya àwọn pátákó tí ẹ kọ fún àwọn onídìrí, télọ̀ àti oníbúrẹ́dì. Gbogbo lẹ́tà yín tó máa ń ṣeré ló wà níbẹ̀: "o" tó yọ ikùn, "k" tó gbé ẹsẹ̀ kan sókè bí ẹni fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù, "g" tó ká ìrù sídìí. Mo kó wọn sínú kọ̀ǹpútà, mo sọ wọ́n di fọ́ǹtì, irú lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà fi ń kọ̀wé. Ẹni tó bá fi í tẹ ọ̀rọ̀ báyìí, ọwọ́ yín ni aráyé ń rí.

Àwọn èèyàn fẹ́ràn rẹ̀. Ó wà lára ògiri jẹ́léósinmi, lára ọ̀rá ìpanu ṣinṣín, lára káàdì ọjọ́ìbí. Wọ́n ń kí mi kú iṣẹ́. Mò ń dáhùn bíi pé ẹlòmíì ni wọ́n ń kí.

Ṣé ẹ mọ̀ pé èmi ni mo gba iṣẹ́ pátákó kíkọ lọ́wọ́ yín? Nígbà tí mo ra ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ńlá yẹn tó ń tẹ àkọlé pátákó, àwọn oníbàárà yín ò padà wá mọ́. Ẹ máa ń wá jókòó níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, ẹ ó máa fi èékánná ha ọwọ́ bí ẹni ń yọ ọ̀dà gbígbẹ, bẹ́ẹ̀ kò sí ọ̀dà níbẹ̀ mọ́. Mo rí i. Mo ń bá iṣẹ́ mi lọ. Ó dùn mí, Bàbá.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹni tó ń ṣe òkúta ibojì yín ní kí n mú àkọlé wá. Mo fi fọ́ǹtì náà tẹ orúkọ yín. "A" mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rí bákan náà, kò sí ìyàtọ̀ bíńtín. Ẹ̀yin ò kọ "a" méjì tó jọra rí láyé yín. Lórí pátákó kan ṣoṣo, ọ̀kan á sanra, ọ̀kan á tẹ̀, ọ̀kan á dà bíi pé ó ń sá fún èkejì. Kí ni mo wá kó pamọ́ gan-an?

Mo gbìyànjú búrọ́ọ̀ṣì yín. Ọwọ́ mi ò mọ̀ ọ́n. Mo fọ̀ ọ́, mo dá a padà sínú agolo.

Mo ní kí wọ́n gbé òkúta náà kalẹ̀ láìkọ nǹkan kan. Inú Màmá ò dùn sí i. Òkúta náà ti wà lórí yín báyìí, ó funfun, ó mọ́, bíi pátákó tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn, tí ẹ ń dúró kó gbẹ. Mo jókòó tì í lánàá láti àárọ̀ títí di ìyálẹ̀ta. Bàbá, ta ni yóò kọ ọ́?

Èmi ni,
ọmọ yín tó fẹ́ràn yín.