Imú Tó Ń Ṣiṣẹ́ Nílé Ìpọntí Wa

                                                            Ilé Kẹrìnlá,
                                                            Òpópónà Ilé Ìfìwéránṣẹ́ Àtijọ́.
                                                            Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹta.

Farabalẹ̀, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé o ṣì wà láàyè? Má bínú pé ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Ó ti tó oṣù márùn-ún tí lẹ́tà rẹ ìkẹyìn dé, o sì kọ sínú rẹ̀ pé orúnkún ń dùn ọ́ díẹ̀. Láti ìgbà náà ni orúnkún yẹn kò ti jẹ́ kí n sùn. Báwo ló ṣe wà báyìí? Ìyàwó wa tó wà lọ́dọ̀ rẹ ńkọ́, ṣé ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ti wálẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́, àti àwọn ọmọ ọmọ, pàápàá èyí tó fẹ́ràn àtimáa gun orí odi? Bí kò bá tíì jábọ́, ẹ dúpẹ́, kí ẹ sì gbé àkàbà kúrò nítòsí. Ní tiwa níhìn-ín, ara le, bí a bá yọ ti imú mi kúrò. Ọ̀rọ̀ imú yìí gan-an ni mo torí rẹ̀ kọ̀wé.

O ó ti gbọ́ lẹ́nu àwọn tí kì í fẹnu sinmi pé mo ti di apọntí lọ́jọ́ ogbó mi. Òótọ́ ni. Èmi tí mo fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí ní ilé-iṣẹ́ ọ̀dà, tí n kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tan ìṣáná nítòsí mi, èmi náà ni mo wá ń jókòó ti iná tí wọ́n fi ń se ọtí líle.

Àbígbẹ̀yìn mi ló fà á. Lọ́dún tó kọjá ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ ẹlẹ́rìndòdò tó ti ń yẹ omi wò, ó fi ọkọ̀ akẹ́rù gbé ìkòkò bàbà ńlá kan wálé, ó ní kí n yọ̀ǹda ibi tí mo ti ń gbé mọ́tò sí tẹ́lẹ̀. Mo jókòó, mo ka ohun tó lè ṣẹlẹ̀ fún un: ìkòkò lè bú, sílíńdà gáàsì lè jò, ìjọba lè gba ìwé àṣẹ, ọtí lè fọ́ ènìyàn lójú, aládùúgbò lè fẹjọ́ sùn, àwọn tí a jọ ń ṣe ìsìn lè máa wò wá láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ó tẹ́tí sí mi títí. Nígbà tí mo dúró mí, ó ní, “Bàámi, ṣé ó ti tán?” Mo ní ó ku mẹ́rin. Ó ní kí n kọ ìyókù sílẹ̀, kí n wá bá òun ṣiṣẹ́, nítorí òun kò tíì rí ẹni tó ń gbóòórùn ewu bí tèmi.

Ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Nílé ẹ̀kọ́, èmi ni mo máa ń gbóòórùn oúnjẹ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Orúkọ tí ẹ fún mi kò ṣàdédé wá.

Jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ náà. Omi ìrèké tí wọ́n ti sè títí tó fi dúdú bí ọ̀dà ni a máa ń po mọ́ omi lásán. A ó fi ìwúkàrà sí i, a ó fi í sílẹ̀ kó máa hó fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà a ó dà á sínú ìkòkò bàbà, a ó dáná sí i nídìí. Oru rẹ̀ yóò gba inú páìpù kan tó ká bí ejò nínú àgbá omi tútù, á di omi padà, á sì máa kán sínú àwọn ìgò kéékèèké. Ohun tó ń kán yẹn ni ọtí, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ènìyàn ń mu. Èyí tó kọ́kọ́ jáde ni wọ́n ń pè ní orí. Oró ni, ó ń rùn bí tínà tí àwọn akunlé fi ń fọ búrọ́ọ̀ṣì. Èyí tó tẹ̀ lé e ni ọkàn, òun là ń tà. Èyí tó kẹ́yìn ni ìrù, òórùn ajá tí òjò pa ló ń rùn. Mo bi ọmọ mi pé irú iṣẹ́ wo rèé tí wọ́n ti ń da orí nù nítorí ọkàn, kò rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹ̀rọ lọ́dọ̀ wa tó lè sọ ìgbà tí orí parí tí ọkàn bẹ̀rẹ̀. Imú nìkan ló mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá sì ń tọ́ ọ wò láti àárọ̀, ahọ́n rẹ̀ kì í mọ nǹkan kan mọ́ tó bá di ọ̀sán. Nítorí náà Àbígbẹ̀yìn ń ṣọ́ iná, ó ń wọn bí ọtí ṣe le tó, ó ń gbé e lọ fún àwọn tó ń rà á. Èmi ni imú.

Inú mi dùn, ọ̀rẹ́ mi. Fún ọdún méje tí mo ti fẹ̀yìn tì, kò sẹ́ni tó béèrè nǹkan lọ́wọ́ mi ju ibi tí mo fi rìmóòtù sí lọ.

Ìyàwó mi nìkan ni kò dá sí i. O mọ̀ pé ọtí ló tú ilé bàbá rẹ̀ ká. Kò pariwo, kò sì bá ọmọ rẹ̀ jà. Ó kàn ní òun kò ní fẹsẹ̀ tẹ “ibẹ̀ yẹn”, kò sì tẹ̀ ẹ́ títí dòní. Ṣùgbọ́n yàrá tó ti ń ránṣọ wà lókè ibẹ̀ yẹn gan-an, fèrèsé rẹ̀ sì kọjú sí ẹnu ọ̀nà wa. Lọ́jọ́ tí a bá ń sè, bí ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe ń dún lókè ni kíkùn rẹ̀ ń rọ̀ lé wa lórí.

Oṣù mẹ́rin sẹ́yìn ni ọ̀fìnkìn mú mi. Ó lo ọjọ́ mẹ́wàá, ó lọ, ó sì gbé imú mi dání lọ. N kò tètè mọ̀. Mò ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì mi lọ́jọ́ kan ni ìyàwó mi sáré wọlé, tó gba áyọ́ọ̀nù lọ́wọ́ mi: ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀tì ti jó, yàrá ń rùn gbùù, èmi sì dúró síbẹ̀ bí òpó. Ó wò mí lójú. Mo ní mò ń ronú ni.

Ó ní, “Ẹ kú ìrònú.”

O mọ̀ mí. Gbogbo ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀ láyé yìí ni mo ti kéde fún tọmọdé tàgbà. Èyí tó wá ṣẹlẹ̀ gan-an, mo panu mọ́. Ìdí ni pé mo mọ ohun tí Àbígbẹ̀yìn yóò sọ, tẹ̀ríntẹ̀rín ni yóò sì sọ ọ́: “Bàámi, ẹ lọ sinmi.” Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń bá arúgbó sọ, kò sí èyí tó ń bà mí lẹ́rù tó o. Òkú nìkan ni mo mọ̀ tó gbọ́ràn sí i tán pátápátá.

Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ sè lẹ́yìn ọ̀fìnkìn náà, mo jókòó sí ààyè mi nídìí páìpù. Mo gbé ìgò kìíní símú, omi lásán. Ìkejì, omi lásán. Mo ti pinnu pé màá da ìdajì nù kí n má baà fọ́ ọmọ ọlọ́mọ lójú, àfi bí mo ṣe gbọ́ tí ìyàwó mi ti fèrèsé gbàgà lókè. Ó tún ṣí i, ó ní wọ́n tún ti gbé tínà wọn dé, ó tún tì í. Títí tí ìgò karùn-ún fi kún ló ń kùn. Nígbà tó kan ìkẹfà, ó dákẹ́. Láìpẹ́ fèrèsé rọra ṣí, ẹ̀rọ ìránṣọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́. Mo ní, “Ọkàn ti dé.” Àbígbẹ̀yìn tọ́ ọ wò, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó di ọ̀sán kí ohùn tó tún sọ̀ kalẹ̀ láti òkè pé ajá ta ni òjò pa sí ẹnu ọ̀nà òun. Mo gbé ìgò kúrò.

Obìnrin tó ni òtẹ́ẹ̀lì tó wà nítòsí ibùdó ọkọ̀ ojú irin rà lára rẹ̀. Ó ránṣẹ́ pé irú èyí kò tíì wá látọ̀dọ̀ wa rí, kí wọ́n bá òun kí imú Bàbá. Mo gba ìkíni náà. Kí ni kí n ṣe?

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fi kíkùn ìyàwó mi jẹun fún oṣù mẹ́ta. Ẹni tó bá rí mi nígbà náà á rò pé ìfẹ́ ìgbà èwe ló padà dé. Bó bá ku ọ̀la ká sè, màá béèrè ibi tó ń lọ. Bó bá ní òun fẹ́ lọ kí ẹ̀gbọ́n òun, màá ní ojú ọjọ́ kò dára. Lọ́jọ́ kan tí kò sí aṣọ kankan níwájú rẹ̀, mo wọ balùwẹ̀, mo fi abẹ tú ìdí sòkòtò mi, mo gbé e fún un pé ó ya. Ó wo ibi tó ya, ó wò mí, ó ní àbí ìrònú yẹn náà ni. Ó sì rán an.

Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni obìnrin òtẹ́ẹ̀lì náà wá sọ pé òun fẹ́ máa gba ọtí wa fún ọdún kan gbáko, ṣùgbọ́n òun fẹ́ kọ́kọ́ fojú ara òun rí bí a ṣe ń ṣe é, pàápàá Bàbá tó ń fi imú yan ọtí. Àbígbẹ̀yìn gbálẹ̀, ó fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ nu ìkòkò bàbà títí tó fi ń dán. Gbogbo ohun tó ní ló wà nínú ìkòkò yẹn. Bí obìnrin náà bá kọ̀, kó padà lọ máa yẹ omi wò ló kù. Èmi ro ti iná, mo ro ti gáàsì, mo ro ti òjò. Mo rí i dájú pé aṣọ méje wà níwájú ìyàwó mi. Ohun kan ṣoṣo ni n kò rò.

Obìnrin náà dé, ó wọ bàtà funfun. Ìkòkò gbóná, ọtí bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Mo gbé ìgò kìíní símú, mo pa ojú dé bí ọ̀gá, mo ń retí fèrèsé. Fèrèsé ṣí. Ìyàwó mi yọ orí síta, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Ẹ káàbọ̀ o, mà. Ẹ kú ìrìn. Ẹ kú iṣẹ́ níbẹ̀ o.”

Ó sì dákẹ́. Ọdún mẹ́rìnlélógójì tí mo ti fẹ́ ẹ, ṣé ó yẹ kí n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ ọ? Obìnrin yẹn kì í kùn níwájú àlejò. Bí ilé bá ń jó, á kọ́kọ́ fún àlejò ní ìjókòó.

Ìgò kejì, ó dákẹ́. Ìkẹta, ó dákẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín. Bí mo sì ti ń ṣírò rẹ̀ bọ̀ láti oṣù mẹ́ta, bó bá ti dákẹ́, ọkàn ló dé. Àlejò na gíláàsì rẹ̀ síwájú lábẹ́ páìpù, ó gba díẹ̀ sínú rẹ̀, ó ní, “Bàbá, ṣé mo lè mu èyí?” Àbígbẹ̀yìn ń wò mí. Mo wo omi tó mọ́ gaara yẹn. Ó lè jẹ́ ọkàn, ó lè jẹ́ oró. Mo lè ní ká ṣì máa dà á nù títí ilẹ̀ á fi ṣú, ṣùgbọ́n ta ni yóò ra ọtí lọ́wọ́ ẹni tó ń dà á sílẹ̀ látàárọ̀?

Mo fọwọ́ bo ẹnu gíláàsì rẹ̀. Mo ní, “Ẹ má mu ún, mà. Imú mi ti kú láti oṣù mẹ́rin. N kò mọ ohun tó wà níbẹ̀.”

N kò lè wo ojú ọmọ mi. Ìgbà náà ni ohùn kan sọ̀ kalẹ̀ láti òkè, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń sọ ìwọ̀n apá aṣọ.

“Ẹ jẹ́ kó kún ìgò méjì sí i. Tínà ṣì wà lára rẹ̀.”

Gbogbo wa wo òkè. Àbígbẹ̀yìn ní, “Màámi, ẹ̀yin ni?”

Ó ní, “Ta lo rò pé ó ń ṣe é? Bàbá rẹ tó ń jó ṣẹ́ẹ̀tì mọ́wọ́?”

Ó ní láti ọjọ́ áyọ́ọ̀nù lòun ti mọ̀. Ó ní bí òun bá panu mọ́, bàbá yìí á pa ọmọ ọlọ́mọ. Bí òun bá sì sọ ọ́ síta, ìtìjú á pa bàbá náà. Ìyẹn lòun ṣe ń kùn. Lẹ́yìn náà ló sọ fún àlejò, láti ojú fèrèsé, pé láti ọmọ ọdún mẹ́jọ lòun ti ń gbóòórùn ọtí láti ẹnu ọ̀nà, pé kí bàbá òun tó wọlé, òun á ti mọ̀ bóyá orin ni wọn yóò gbọ́ ní ìrọ̀lẹ́ yẹn tàbí ẹkún. N kò gbọ́ ọ rí lẹ́nu rẹ̀. Mo ti rò pé èmi nìkan ni ẹ̀rù ń bà nílé wa.

Mo bi í nígbà tí àlejò lọ pé kí ló dé tó fi jẹ́ kí gíláàsì sún mọ́ obìnrin náà tó bẹ́ẹ̀. Ó ní kò ní dé ẹnu rẹ̀ láéláé. Òun kàn ń dúró wò ó bóyá èmi ni màá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Kí àlejò náà tó lọ, ó dúró de ìgò méjì, ó mu tirẹ̀, ó fọwọ́ sí ìwé. Ó ní kí a ṣáà má pààrọ̀ fèrèsé. Ìyàwó mi gbà láti máa bá a lọ, ó sì fi òfin lélẹ̀: òun kò ní sọ̀ kalẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pe òun ní òṣìṣẹ́, a kò sì gbọdọ̀ ta ìgò kan fún ẹni tí ọtí bá ti ń rùn lára rẹ̀ nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ní tèmi, kò sẹ́ni tó ní kí n lọ sinmi. Nígbà mìíràn mo máa ń wò ó pé kí wọ́n tilẹ̀ sọ ọ́, nítorí èmi ni mò ń gbé ìgò gun àtẹ̀gùn mọ́kàndínlógún lọ bá a. Á gbóòórùn, á ní, “Ẹ dà á nù,” màá sọ̀ kalẹ̀. Imú ti fẹ̀yìn tì, ẹsẹ̀ ti gba iṣẹ́.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá mo gbé ìgò kẹjọ gòkè. Ó gbé e símú, ó pa ojú dé. Ó pẹ́. Mo ní, “Kí ló dé?” Ó tún gbé e símú. Ó ní, “Èyí dára.” Kò fẹnu kàn án. Ó dé e, ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Mo gbé e sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni tó gbé ẹyin lọ́wọ́.

Ní báyìí, ọ̀fìnkìn ló kù tí mò ń bẹ̀rù. Mo ti ra ìborùn mẹ́ta fún un. Mo ní kí n ti fèrèsé nítorí afẹ́fẹ́, ó ní kí lòun á wá fi gbóòórùn. Bá mi kí ìyàwó wa àti àwọn ọmọ, kí o sì sọ fún ẹni tó ń gun odi pé mò ń gbàdúrà fún un. Ìyàwó tèmi ní kí n kí gbogbo yín, òun ló sì gbóòórùn ìgò tó wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí, ẹ má fòyà. Mo fẹ́ kí ẹ wá kí wa. Ṣùgbọ́n bí imú ẹnikẹ́ni bá ń ṣomi nílé yín, kí onítọ̀hún jókòó sílé, ìbáà jẹ́ ìwọ.

                                                            Èmi ṣì ni tìrẹ, tàníyàntàníyàn,
                                                            Kí-ló-dé.