Ẹjọ́ Tí Wọn Ò Rò Fún Mi Nílé Gàrí

Ajé, 8 Oṣù Kẹsàn-án 2025

Wọ́n fẹ́ fún mi ní máàkì. Èmi, lọ́jọ́ orí mi yìí.

Hephzibah ọmọ mi pè mí láti Ìkàrẹ́ láàárọ̀, ó ka lẹ́tà tí àwọn ilé iṣẹ́ Èkó tó ń ra gàrí wa fi ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀. Wọ́n ní láti ọdún yìí lọ, gbogbo ẹni tó bá ń tajà fún wọn ni wọn yóò máa yẹ̀ wò: báwo la ṣe ń lo ilẹ̀, ibo ni omi ìdọ̀tí wa ń gbà, èéfín wa ńkọ́, kí ni ojú àwọn òṣìṣẹ́ wa ń rí. Máàkì lórí ọgọ́rùn-ún. Ẹni tí kò bá gba àádọ́ta, ó dìgbóṣe, wọn ò ní ra ọjà rẹ̀ mọ́.

Mo jókòó sórí àpò gàrí. Bí àwọn Èkó bá fi wá sílẹ̀, ta ni yóò ra gbogbo gàrí yìí? Ọjà Ìkàrẹ́ ò lè gba ìdajì rẹ̀. Gbogbo àwọn obìnrin tó ń bá mi ṣiṣẹ́ níbí ní Ọ̀kà, ilé ni wọn yóò lọ jókòó sí. Rufus tó ń lọ ẹ̀gẹ́ — ilé. Èmi náà — ilé.

Wọ́n ní ẹnì kan ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì láti kọ́kọ́ dán wa wò. Ìyẹn ò kà. Èyí tó kà ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀.

Ìṣẹ́gun, 9

Iṣẹ́ dé. Ẹfun sára ògiri. Rufus gbẹ́ kòtò fún omi ẹ̀gẹ́ tó ń ṣàn lọ sódò látọjọ́ tí a ti dé ibí. Mo ra ìbọ̀wọ́ ní Ìkàrẹ́. Mosúnmọ́lá wo ìbọ̀wọ́, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní ṣé gọ́ọ̀lì ni kí òun lọ mú ni.

Mosúnmọ́lá — òpó ilé yìí. Kò sí ẹni tó mọ gàrí yan tó o ní gbogbo Àkókó, mo lè búra. Ọjọ́ tí kò bá sí nídìí agbada, gàrí a jóná. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹgbẹ́ mi, síbẹ̀ Ìyá ló ń pè mí.

Ẹtì, 12

Ó dé. Abdulrazaq lorúkọ rẹ̀, ọmọ tó mọ̀wàá hù, ó dọ̀bálẹ̀ kí mi. Ṣùgbọ́n Oníbéèrè ni mo sọ ọ́. Níbo lẹ ti ń ra ẹ̀gẹ́? Ògbàgì àti Afin. Ṣé ẹ mọ oko àwọn àgbẹ̀ náà? Rárá. Èèpo ńkọ́? Mo ní àwọn obìnrin ń gbé e lọ fún ewúrẹ́ wọn. Inú rẹ̀ dùn sí ìyẹn gan-an. Èmi tí mo ti ní kí wọ́n kó èèpo pamọ́ kó má baà rí i!

Lẹ́yìn náà ó ní òun fẹ́ bá àwọn òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀, láìsí èmi níbẹ̀. Mo wọ ilé ìkẹ́rùsí, mo na etí. Ó bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan: kí ló ń dùn yín níbi iṣẹ́ yìí? Kò sí o, sà. A dúpẹ́. Ìyá wa ni. Kò sí o. Ìyá wa ni. Mo ń rẹ́rìn-ín sínú. Mo ní máàkì dé.

Mẹ́rìnlélógójì. Lórí ohùn òṣìṣẹ́, òdo nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Mo pariwo mọ́ ọn. Ó ní kí n máà bínú, Màmá. Ó ní ibi tí iná wà, tí ọ̀bẹ wà, tí ẹ̀rọ ń ké, tí ẹnikẹ́ni ò sì ráhùn rí, kì í ṣe pé nǹkan ò dùn wọ́n. Wọn ò lè sọ ọ́ ni.

Wọn ò lè sọ ọ́. Fún èmi!

Àbámẹ́ta, 13

Òdo.

Àìkú, 14

Mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, n kò gbọ́ ìwàásù. Èmi tí mo gbé Àbẹ̀kẹ́ tó ń bó ẹ̀gẹ́ lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ tó ń rọbí. Èmi tí mo dúró fún Rufus lọ́dọ̀ àwọn àna rẹ̀. Ta ló ń bẹ̀rù mi? Kó jáde síta kí n rí i!

Ajé, 15

Mo kó gbogbo wọn jọ. Mo ní ẹ ráhùn. Wọ́n ń wolẹ̀. Mo ní ẹ sọ ohun tó ń dùn yín, mo fẹ́ gbọ́. Àbẹ̀kẹ́, olórí àwọn tó ń bó ẹ̀gẹ́, kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀: "Ìyá, ẹ dákun, ẹ fojú àánú wò wá. Kí la ṣe?" Wọ́n rò pé ẹni tí n ó lé ni mò ń wá! Rufus ní òun ní ẹ̀sùn kan. Mo ní ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ó ní ìrẹsì tí mò ń fún àwọn nígbà Kérésì ti pọ̀ jù, ikùn ìyàwó òun ò gbà á.

Ara mi gbóná. Mo jágbe mọ́ wọn: "Ẹ má bẹ̀rù mi!" Ọmọ tó wà lẹ́yìn ọ̀kan nínú wọn bú sẹ́kún.

Ọjọ́rú, 17

Hephzibah wá. Mo rojọ́ fún un, ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní, "Màámi, ẹ dúró lé wọn lórí bí ọlọ́pàá, ẹ wá ní kí wọ́n ráhùn. Ẹ lọ jókòó tì wọ́n. Ẹ bá wọn ṣiṣẹ́." Ọmọ tí mo bí! Òótọ́ ló sọ, ó kàn dùn mí ni.

Ọjọ́bọ̀, 18



Mo jókòó sídìí agbada lónìí, lápá òsì Mosúnmọ́lá. Ó ti pẹ́ tí mo ti yan gàrí kẹ́yìn. Èéfín! Kó tó di ọ̀sán, omijé nìkan ló kù lójú mi. Inú èyí ni wọ́n wà lójoojúmọ́, tí èmi jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù mi.

Mo gbé igbá ẹ̀gẹ́ tí a ti sẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lápá òsì. Ó nawọ́ sí i, ọwọ́ rẹ̀ ṣì í, ó dà á nù. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọwọ́ òun ti ya wèrè. Mo gbé òmíràn. Ó tún dà á nù. Mo rọra gbé ọwọ́ mi sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú òsì rẹ̀, mo jù ú síwá sẹ́yìn. Kò ṣẹ́jú.

Mo bi í pé kí ló ṣe ojú rẹ̀. Ó kọ́kọ́ ń ro gàrí lọ. Ó wá ní láti ìgbà òjò èṣí ni. Iná ta sí i, òun fi omi iyọ̀ bọ̀ ọ́. Ó wú, ó wálẹ̀. Nígbà tó wálẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ti bá a lọ. Mo ní kí ló dé tí kò sọ fún mi? Ó ní, "Ìyá, tí mo bá sọ, ẹ ó ní kí n máa lọ sinmi nílé. Ta ló fẹ́ gba olójú kan sídìí iná?" Ó ní òun ṣì mọ iṣẹ́ òun í ṣe, pé gàrí máa ń dún yàtọ̀ tó bá ti gbẹ, etí lòun fi ń yan án.

Láti èṣí! Láràárọ̀ ni mò ń kí i. Láràárọ̀ ló ń rẹ́rìn-ín sí mi.

Ẹtì, 19

Mo ní kí Mosúnmọ́lá múra, ọ̀dọ̀ dókítà là ń lọ lọ́la.

Àbámẹ́ta, 20

Mo mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú ní Ìkàrẹ́. Ó tan iná sí i lójú, ó mí kanlẹ̀. Ó ní egbò ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó ti di àpá. Ká ní ó tètè wá ni, oògùn tí à ń kán sójú lásán ni ì bá wò ó sàn. Oògùn tí owó rẹ̀ ò tó ti àpò gàrí kan!

Ó kọ̀wé sí àgbà dókítà kan ní Ọ̀wọ̀, bóyá wọ́n á rí nǹkan ṣe.

Ajé, 22

Mo paná gbogbo ààrò. Wẹ́dà dé láti Ìkàrẹ́, ó ń ṣe ààrò tuntun tó ní ọ̀pá tí yóò máa gbé èéfín gba orí òrùlé jáde. A wó ògiri ẹ̀gbẹ́ kan kí atẹ́gùn lè wọlé.

Mosúnmọ́lá sọ tirẹ̀ fún àwọn yòókù. Wọ́n ń wò mí bóyá n ó lé e. Mo ní kó kúrò nídìí iná, kó máa tọ́ gàrí wò kó tó wọ àpò, owó rẹ̀ kò sì ní dín. Háà, ìgbà yẹn ni ẹnu ṣí! Àṣé adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ara rẹ̀ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Ilẹ̀kùn ṣáláńgá ò ṣeé tì, nítorí náà àwọn obìnrin kì í mu omi láti àárọ̀ kí wọ́n má baà ní ohun tí wọ́n máa lọ ṣe níbẹ̀. Etí Rufus ń hó látàrí ariwo ẹ̀rọ, kò gbọ́ràn dáadáa mọ́. Alágídí ni mo máa ń pè é! Bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ ló ń bà mí bí ìgbájú. Ẹ̀rù ara mi ń bà mí.

Ẹtì, 26

Ìpàdé àwọn òṣìṣẹ́ àkọ́kọ́. Àbẹ̀kẹ́ ni alága. Wọ́n ní kí n jáde. Mo jókòó síta bí ọmọ tí tíṣà lé jáde ní kíláàsì.

Ajé, 29

Ògbàgì láàárọ̀, Afin lọ́sàn-án. Mo rí oko àwọn tó ń ta ẹ̀gẹ́ fún mi. Ọ̀kan ń dáná sun igbó etí odò. A jọ sọ ọ́ pẹ́, ó gbà láti jáwọ́. Ó ní ẹnikẹ́ni ò bi òun rí.

Ọjọ́bọ̀, 2 Oṣù Kẹwàá

Ọ̀la ni àyẹ̀wò tó kà. Hephzibah béèrè lórí fóònù: ṣé a ó sọ ọ̀rọ̀ ojú yìí fún Oníbéèrè? Tí a bá sọ ọ́, máàkì lórí ìlera lè já wálẹ̀ pátápátá. Mo pa fóònù.

Lẹ́yìn náà Mosúnmọ́lá wá bá mi. Ó ní òun á dúró sílé lọ́la, kí òun má baà ba ti gbogbo wa jẹ́. Ọlọ́run mọ̀, inú mi kọ́kọ́ dùn. Ojú tì mí. Mo ní kó wá, kó jókòó síwájú.

Ẹtì, 3

Ó wá. Ó jókòó síwájú. Ó sọ gbogbo rẹ̀, kò fi nǹkan kan pa mọ́, níwájú mi báyìí. Oníbéèrè dá ìwé kíkọ dúró, ó kàn ń wò ó. Ó wá bi mí pé kí ni mo ti ṣe. Mo mú un lọ sídìí ààrò. Kò sọ máàkì kan fún mi. Mo gbà pé ó ti tán.

Ọjọ́rú, 15

Ọ̀wọ̀ la wà láàárọ̀. Àgbà dókítà yẹ ojú náà wò dáadáa. Ó ní kò ní ríran mọ́ láé. Mosúnmọ́lá ní ẹ ṣé, sà. Ó ra ẹ̀pà nínú ọkọ̀, ó bù fún mi. N kò lè jẹ ẹ́.

A ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sílẹ̀ ní Ìwàrò, níbí ní Ọ̀kà, ni Hephzibah pè, ó ń kígbe. Mọ́kànléláàádọ́rin! Ó ní ohùn òṣìṣẹ́ ni a ti ṣe dáadáa jù, mẹ́rìnlá nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, nítorí pé òṣìṣẹ́ wa fẹ̀sùn kàn wá, a sì gbọ́. Àwọn Èkó fẹ́ kí Mosúnmọ́lá ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò tuntun, kí àwọn tó ń tajà fún wọn níbòmíràn lè rí i kọ́gbọ́n. Wọ́n ní kó rẹ́rìn-ín.

Mo dúró sójú kan létí títì. Ojú ènìyàn fọ́ nílé iṣẹ́ mi, wọ́n sì fún mi ní máàkì lórí rẹ̀.

Mosúnmọ́lá ti gbọ́ igbe inú fóònù. Ó ní, "Ìyá, ṣé a yege?" Mo ní a yege. Ó da ẹ̀pà ọwọ́ rẹ̀ nù, ó bú sórin, ó ń jó níbẹ̀ lójú gbogbo ayé, ó ń pè mí pé kí n wá bá òun jó. Ẹsẹ̀ mi wúwo. Mo yípo lọ sí apá ọ̀tún rẹ̀, kó lè rí i pé mò ń jó.